Àwòrán Inú Kànga Tó Dùbúlẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà tí mo wà ní Ṣómólú pé kànga lè dùbúlẹ̀, màá ní kó lọ sinmi. Òòró ni gbogbo kànga tí mo mọ̀ máa ń dúró. Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé wa nítòsí ojú ọ̀nà Pedro, bí o bá sọ òkúta sínú rẹ̀, wàá gbọ́ ìgbà tó kan omi, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àṣé ayé ò mọ síbẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì láàárín òkun, tí wọ́n á gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ títí, tí wọ́n á wá rọra máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ọ̀pá ìpẹja, títí kànga náà á fi na gbalaja sínú òkúta, tí á máa lọ síwájú bí ọ̀nà tó lọ láti Fádèyí sí Bàríga. Inú irú kànga bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Mo ń ya àwòrán rẹ̀.

Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni mo kúrò nílé. Gbogbo àdúgbò ló ń yọ̀. Bàbá mi nìkan ló ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí iná mànàmáná ná kí òun tó jó. Ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá mi, búlọ́ọ̀kù ló ń mọ ní Pedro, àwọn ará àdúgbò ò sì pè mí lórúkọ méjì ju ọmọ oníbúlọ́ọ̀kù lọ. Mo kàwé nípa òkúta àti ilẹ̀ ní yunifásítì. Bàbá mi sanwó ẹ̀ tán, kò sì yé e títí mo fi parí, nítorí lójú tiẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ilẹ̀, kó gbé ṣọ́bìrì.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Skọ́tíláǹdì ló gbà mí fún ìdánwò. Wọ́n ní bí iṣẹ́ mi bá tẹ́ àwọn lọ́rùn títí di ìgbà òtútù kejì, àwọn á gbà mí pátápátá. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àṣẹ tí mo fi wọ ìlú wọn á parí, màá sì gba ilé lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí mo jí lóhùn-ún tí n kò rántí gbólóhùn yẹn.

Òtútù ọ̀hún bá mi jà, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún mi nípa òtútù. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Òkúta aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé ìlú náà, bí òjò bá sì dá tí oòrùn yọ sí i, ògiri á máa dán yinrinyinrin. Mo dúró níta láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo ń wo ògiri bí ẹni tí kò rí ògiri rí. Mo ń rò ó pé bí bàbá mi bá rí èyí, á fọwọ́ pa á, á sì béèrè ẹni tó mọ ọ́n. Àmọ́ ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọn ò wo ara wọn lójú. Àwọn ọkùnrin kan ń gbẹ́ kòtò lẹ́bàá ọ̀nà, òógùn ń yọ lójú wọn nínú òtútù yẹn, kò sì sẹ́ni tó kí wọn kú iṣẹ́. Ó dùn mí bí ẹni pé bàbá mi ni wọ́n ń kọjá lára láìkí. Mo kí wọn. Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè, ó bi mí bóyá mo ṣìnà ni.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Fóònù alágbèéká kò tíì délé wa nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Ṣadé ní Ṣómólú, níbi tí wọ́n ti ń san owó lo fóònù, ni àwọn òbí mi máa ń lọ jókòó dè mí. Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti ilé kejì máa ń bá ohùn wọn wọlé, ó sì máa ń dùn mọ́ mi bíi kí n sọ fóònù sílẹ̀ kí n máa gbọ́ ọ nìkan.

"Ṣé o ti jẹun?" Màmá mi ló máa ń kọ́kọ́ gbà á.

"Mo ti jẹun, mà."

"Kí lo jẹ?"

"Pòtétò, mà. Pẹ̀lú ẹja."

"Pòtétò láàárọ̀, pòtétò lálẹ́. Ṣé wọn ò ní ata níbẹ̀ ni? Ó dáa, gba bàbá ẹ."

Bàbá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ṣe gbẹ̀fẹ́. "Jọ́ọ̀bù wo gan-an ni wọ́n ní kó o máa ṣe?"

"Àwòrán inú ilẹ̀ la máa ń yà, sà."

"Inú ilẹ̀ ibo?"

"Inú kànga, sà. Lábẹ́ òkun."

"Ṣé iná wà nísàlẹ̀ níbẹ̀?"

"Rárá o, sà. Òkùnkùn biribiri ni."

"Báwo lẹ ṣe wá ń ya fọ́tò nínú òkùnkùn?"

Mo ṣàlàyé títí. Bàbá mi tú ìmí sínú fóònù, ó wá ní, "Kò sẹ́ni tó lè ya inú òkúta. Gba màmá ẹ."

Màmá mi rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, kò síṣẹ́ tó burú láyé yìí o. Bó bá jẹ́ òkú ni wọ́n ní kó o máa wẹ̀ fún wọn, sọ fún mi. Mi ò ní sọ fún bàbá ẹ. Ọmọ Ìyá Kúdí náà, tó ní báńkì lòun ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣebí ilẹ̀ báńkì ló ń gbá."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán, omi náà kò dá mọ́.

Kí n má purọ́, bí mo bá jẹ́ màmá mi, èmi náà ò ní gbà á gbọ́. Irin gígùn kan la fi ń ya àwòrán náà, ó gùn ju yàrá lọ. Ó ní apá lára, àtẹ́lẹwọ́ irin sì wà ní ìparí apá kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnnì kéékèèké kún ojú àtẹ́lẹwọ́ náà. Bí a bá sọ irin yìí sísàlẹ̀ kànga, apá á là, àtẹ́lẹwọ́ á lẹ̀ mọ́ ògiri kànga yíká, iná mànàmáná bíńtín á sì máa gba ojú bọ́tìnnì wọ inú òkúta. Òkúta kan á gba iná náà wọlé, òmíràn á kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí a ṣe ń fa irin náà bọ̀, kọ̀ǹpútà á máa sọ ọ́ di àwọ̀: ibi tó gba iná á dúdú, ibi tó kọ̀ ọ́ á mọ́lẹ̀ bíi wúrà.

Fíónà lorúkọ ọ̀gá mi, obìnrin gíga kan tí irun rẹ̀ ti funfun báláú. Ó ní kí n máa pe òun ní Fíónà ṣáá. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ó ju màmá mi lọ lọ́jọ́ orí, báwo ni mo ṣe fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀? N ò kúkú pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá rìn lọ dúró síwájú rẹ̀ títí á fi gbójú sókè. Òun ló fi àwòrán tó dáa hàn mí nígbà àkọ́kọ́, èyí tó wá láti inú kànga tó dúró lóòró. Mo rí ìlà iyanrìn, ọ̀kan lórí èkejì, ọ̀kan tẹ̀ síbí, èkejì tẹ̀ sọ́hùn-ún, tínínrín tínínrín, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò wọ́n ni. Fíónà ní omi ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn kankan tó wà láyé.

Mi ò mọ̀gbà tí mo dìde lórí àga. Létí ọ̀sà ní Bàríga, níbi tí àwọn tó ń wa iyanrìn ti máa ń gé etí omi wọlé, irú ìlà yẹn gan-an máa ń hàn lára ibi tí wọ́n gé. Mo ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọye ìgbà nígbà tí mo bá tẹ̀lé bàbá mi lọ ra iyanrìn. Odò tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ rí ti fi àpá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sínú òkúta, òkúta náà kò sì gbàgbé. Ẹnu yà mí, kò le padé. Mo ní, "Ọlọ́run ọba tóbi," Fíónà sì bi mí ohun tí mo wí. Mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wo àwòrán náà fúngbà díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kànga tó dúró ti gbà kí wọ́n ya òun. Èyí tó dùbúlẹ̀ ni kò gbà. Irin wa kò lè fúnra rẹ̀ rìn wọ inú rẹ̀, àfi kí wọ́n so ó mọ́ ẹnu páìpù kí wọ́n máa fi páìpù tì í lọ. Bó bá débẹ̀, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ìsàlẹ̀ á rì sínú ìdọ̀tí òkúta tí wọ́n gbẹ́, tòkè á máa na ọwọ́ sí àjà, ọwọ́ ò ní tó o. Bí wọ́n bá wá ń fà á bọ̀, á lẹ̀ mọ́lẹ̀, á kọ̀, á kọ̀, lójijì á fò. Àwòrán á fẹ̀ gbàràmù níbì kan, á fún pọ̀ níbòmíràn, ìlà tó yẹ kó lọ geere á wá rí ṣágiṣàgi bí eyín ayùn. A ò lè mọ èyí tí òkúta ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ìfàkufà ṣe.

Iṣẹ́ àtúnṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún mi. Màá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà látàárọ̀, màá máa na ibi tó fún, màá máa fún ibi tó nà, títí ojú mi á fi pọ́n. Bó bá ṣeé ṣe, inú mi á dùn. Ìgbà púpọ̀ ni kò ṣeé ṣe. Àwọn tó ni kànga bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Fíónà pè mí jókòó lọ́jọ́ kan, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní kànga mìíràn tó dùbúlẹ̀ ń bọ̀, pé bí àwòrán tiẹ̀ náà bá bàjẹ́, wọn á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa, kò sì ní sí ìdí tí òun á fi ní kí wọ́n gbà mí.

Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, mi ò wọ bọ́ọ̀sì. Ojú wo ni màá fi wo àwọn ará Pedro? Bàbá mi ò ní sọ̀rọ̀, mo mọ̀ ọ́n. Á kàn máa mọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá mi gbé báàgì lọ́jọ́ tí mo ń lọ, tí wọ́n ṣàdúrà sí mi lórí, wọn á béèrè ohun tí mo mú bọ̀. Yàtọ̀ sí ti ojú ayé, ohun kan tún wà tí n kò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni: mo ti rí odò yẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi kí n tó tún un rí.

Nínú kànga tó dúró, àríwá la fi ń mọ ibi tí àwòrán kọjú sí. Nínú èyí tó dùbúlẹ̀, àríwá ò ràn wá lọ́wọ́ mọ́. Ibi tó jẹ́ òkè là ń kọ́kọ́ wá, tí a bá ti mọ òkè, a ti mọ ìsàlẹ̀, a ti mọ ọ̀tún àti òsì. Mo ronú lórí rẹ̀ púpọ̀ nínú yàrá mi. Nílé, n kì í wá òkè. Mo mọ ẹni tí mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún, mo mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún mi, mo mọ ẹni tí mo lè bá ṣeré, ìyẹn ti tó láti fi mọ ibi tí mo dúró. Ní ìlú olókùúta yìí, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń bá arúgbó sọ̀rọ̀, kò sì sí ibi tí mo lè fi ọ̀wọ̀ sí nínú èdè wọn. Bóyá ìdí nìyẹn tí gbogbo ọ̀wọ̀ tó kù lára mi fi lọ kó jọ sí orúnkún.

Fíónà ní kí n lọ fúnra mi sórí rígì, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga tó ń bọ̀ náà, lọ wo bí wọ́n ṣe ń fa irin wa. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn. Irin ńlá kan ṣoṣo láàárín agbami, ó dúró ṣánṣán bí ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, omi ń fò lu ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mira. Àwọn ọkùnrin gìrìpá ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn nínú ọgbà ilé wọn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ìdíwọ́ etí rẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀, mo rò ó pé odò mi wà lábẹ́ gbogbo èyí. Orí mi wú.

Ọkùnrin tó ń darí páìpù ń jẹ́ Dúgì. Yàrá onígíláàsì kan ló ń jókòó sí, òun ló ń fa gbogbo ohun tó bá wọ inú kànga, tiwa náà pẹ̀lú. Á tó ọjọ́ orí bàbá mi, ọwọ́ rẹ̀ sì le bíi tiẹ̀. Ọ̀nà ibi tí mo ti ń jẹun gba ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjá. Ẹ sọ fún mi, báwo ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé á ṣe kọjá lára àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́, tí kò ní kí i? Bí mo bá ti débẹ̀, màá bọ ẹ̀rọ ìdíwọ́ ariwo kúrò ní etí kan, màá kí i pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì tó bá kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, orúnkún mi á sì tẹ̀ nínú bàtà onírin tí wọ́n ní ká máa wọ̀ kí n tó mọ̀. Láàárọ̀, ní ọ̀sán, nígbàkígbà tí mo bá kọjá. Á wò mí, á mi orí, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí yàrá nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin ni nọ́ọ̀sì ọ̀hún. Ó ní kí n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí n ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè.

"Ibo ló ń dùn ẹ́?"

"Kò síbi tó ń dùn mí, sà."

"Má bẹ̀rù, wọn ò ní torí ẹ̀ lé ẹ padà." Ó tẹ orúnkún mi níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. "Wọ́n ní nígbàkígbà tó o bá dé iwájú Dúgì, orúnkún ẹ máa ń yẹ̀."

Mo kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. Ìgbà tó yé mi, ẹ̀rín ni mo bú sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú mi bóyá àìsàn náà ti dé orí. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ò jẹ̀bi nǹkan kan, wọ́n sì ti bá mi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lórí ìkúnlẹ̀. Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé ni Dúgì gbà wọlé. Ó ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó sì fẹ́ mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe wà, torí òun ló lọ fẹjọ́ orúnkún mi sùn.

"Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi, sà. Ẹ̀yin ni mo ń kí. Nílùú wa, bí a bá bá àgbà nídìí iṣẹ́, bí a ṣe ń kí wọn nìyẹn."

"Kí ni mo wá ṣe fún ẹ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, sà. Ẹ ṣàgbà, ẹ sì ń ṣiṣẹ́."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fọwọ́ ra orí, ó wo ojú fèrèsé. "Àwọn ará ilé-iṣẹ́ yín, ẹjọ́ ni wọ́n máa ń bá wá sọ́dọ̀ mi," ó ní. "Kò sẹ́ni tó wá kí mi rí." Ó dé fìlà padà. "Kí lẹ tilẹ̀ ń fi ohun tí mò ń fà yẹn ṣe?"

Mo sáré lọ mú ọ̀kan wá nínú àwòrán tó bàjẹ́ tí wọ́n yà lórí rígì yẹn, a tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀sì. Mo fi ibi tó dáa hàn án, mo sọ fún un pé iyanrìn nìyí, omi nìyí tó tò ó. Mo fi eyín ayùn náà hàn án. Mo sọ fún un pé ìwà kànga ni, pé inú òkúta tó rí gbágun-gbàgun ló ń ṣe é.

Ó wo ìwé náà, ó wò ó. Ó bi mí bóyá mo lè sọ bí ibi eyín kan ṣe jìnnà sí èkejì. Mo wọ̀n ọ́n fún un.

"Gígùn páìpù mi nìyẹn," ó ní. "Ibi tí mo ti dúró tú páìpù nìyí. Ibí yìí náà. Ibí yìí náà."

Ó wá fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣàpèjúwe fún mi. Bó bá tú páìpù kan kúrò tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà, páìpù tó kù gùn débi pé á kọ́kọ́ nà bíi rọ́bà. Tọ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀, tìsàlẹ̀ ṣì sùn. Ìgbà tí tìsàlẹ̀ bá máa tẹ̀lé e, fífò ló máa ń fò. Kò mọ̀ pé ó ń ba nǹkan kan jẹ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sẹ́ni tó fi àwòrán hàn án rí. Àwa náà kò mọ ohun tó ń ṣe nínú yàrá onígíláàsì yẹn, nítorí a kì í yà síbẹ̀. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń ya kànga tó dùbúlẹ̀, ẹni tó ń fà á àti ẹni tó ń wò ó kò tíì jókòó sójú kan.

Mo pe Fíónà. Ó ti ní ọgbọ́n tiẹ̀ tó ń dá lórí ọ̀rọ̀ náà: ó ti ní kí wọ́n fi àwọn òrùka onísípíríǹgì kún ara irin wa kó lè dúró láàárín kànga dípò kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n fọ inú kànga dáadáa kí irin tó wọ̀ ọ́. Bí mo ṣe sọ ti páìpù fún un, ó ní kí n tún un sọ. Ó wá ní, "Bá mi bẹ Dúgì bóyá ó lè rọra máa fà á."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Dúgì rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dìde kí nọ́ọ̀sì má tún rí mi.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nínú kóńténà tí wọ́n fún wa ṣe ọ́fíìsì lórí rígì, Dúgì wà nínú gíláàsì rẹ̀. Bó bá ti tú páìpù kan, á rọra fa èyí tó kù, díẹ̀díẹ̀, á dúró kí ó nà tán, á wá máa gbé e lọ láìjà. Mo mọ̀ pé bí eyín ayùn kan bá yọ báyìí, ilé ni mo ń lọ.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ó mọ́. Ó ń bọ̀ geere, páìpù kan, òmíràn, eyín ò yọ. Mo kọ́kọ́ rí iyanrìn tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, wọ́n ń ká mọ́ra wọn bí ojú tó là sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí àwọn òkúta róbótó-róbótó, kéékèèké, tí gbogbo wọn fi ara ti ara, tí gbogbo wọn dojú kọ ibì kan náà. Omi ló tì wọ́n bẹ́ẹ̀. Ibi tí omi ń lọ ni wọ́n kọ ẹ̀yìn sí. Nítorí pé kànga náà dùbúlẹ̀, a ò kàn gún odò náà ní abẹ́rẹ́ kọjá bí a ti máa ń ṣe. À ń rìn nínú rẹ̀ ni, láti etí kan dé etí kejì, lábẹ́ òkun, lábẹ́ òkúta, nínú òkùnkùn tí oòrùn kò tíì wọ̀ látìgbà tí odò náà ti gbẹ. Mo gbàgbé pé iṣẹ́ wà nínú ewu. Mo gbàgbé ara mi. Mo ń sunkún, mi ò sì mọ̀.

Dúgì wá lẹ́yìn iṣẹ́. Ó dúró lẹ́yìn àga mi, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi ọwọ́ tọ́ka ibi tí omi ti wá àti ibi tó ń lọ.

"Látìgbà èwe mi ni mo ti ń gbẹ́ ilẹ̀," ó ní. "Mi ò rí inú ẹ̀ rí."

Ìgbà tí mo padà dé ìlú, Fíónà ti tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì gígùn. Ó sọ fún mi pé wọ́n ti gbà mí pátápátá. Mo ní, "Ẹ ṣé, Fíónà." Ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́nu mi nìyẹn, ó sì ṣe bí ẹni tí kò ṣàkíyèsí.

Ọjọ́ Àìkú kò tètè dé. Bàbá mi ló gba fóònù lọ́tẹ̀ yìí.

"Bàbá, àwòrán náà yọ o. Wọ́n ti gbà mí."

"Ó yọ?"

"Ó yọ, sà. Odò la rí. Odò ayé àtijọ́, pẹ̀lú òkúta inú rẹ̀ àti iyanrìn rẹ̀."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lu lẹ́yìn rẹ̀. "Iyanrìn ẹ̀ ńkọ́? Ṣé líle ni àbí kíkúnná?"

"Líle ni, sà. Irú èyí tẹ́ ẹ máa ń fẹ́."

"Ìyẹn dáa." Ó wúkọ́. "Ṣé wọn ò wá ní lé ẹ mọ́ báyìí?"

"Wọn ò ní lé mi mọ́, sà."

"Alihamudulilahi. Ọlọ́run á fẹsẹ̀ ẹ múlẹ̀ níbẹ̀. Gba màmá ẹ."

Màmá mi rọ̀jò àdúrà lé mi lórí, mo ń ṣe àmín, àmín. Ìgbà tó gbàdúrà tán, mo gbọ́ tó ń rìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ títí okùn ẹ̀ fi dúró.

"Bàbá ẹ ti jáde síta," ó ní. "Ó ti kun yàrá ẹ o."

"Yàrá mi? Ìgbà wo, mà?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó rẹ́ ògiri ẹ̀, ó pààrọ̀ àwọ̀n ẹ̀fọn, òun fúnra ẹ̀ ló gun àkàbà kùn ún. Ó ní kò sẹ́ni tó lè ya inú òkúta. Ó ní wọ́n máa lé ẹ láìpẹ́, kó o má lọ dé bá yàrá tí ò dáa."

Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo gbọ́ ẹnìkan tó ń pe Àǹtí Ṣadé.

"Ta ló máa wá sùn síbẹ̀ báyìí, mà?"

"Kò sẹ́nìkan," màmá mi ní. "Ó ní ká kàn máa ṣí fèrèsé ẹ̀ láràárọ̀."